Ọmọ mi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ nìyí: kí ni kó ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì kan ní Texas. Básíkẹ́ẹ̀tì ló gbé e lọ láti Sùúrùlérè níbí, wọ́n fún un ní sìkọ́láṣíìpù. Lọ́dún tó kọjá, iṣan orúnkún rẹ̀ já, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní NBA lòun ń wò, tí kò bá bọ́ sí i, òun á lọ gbá a ní Yúróòpù. Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé. Èmi wà láàárín wọn. Kí ni kí n sọ fún un? (Ìyá kan, Sùúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ, mà. Ọmọ yín àti bàbá rẹ̀ ń jiyàn lórí ibi tí yóò lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí yóò mú dání kúrò níbi tó wà ló ṣe kókó jù báyìí. Ó ní ẹ̀tọ́ tó pọ̀ ní yunifásítì yẹn: ẹ̀kọ́, ìtọ́jú orúnkún, àyè láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó máa tán. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í mọ̀ àfìgbà tí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká gbé NBA kúrò lójú ọ̀nà ná. Ẹgbẹ́ 30 ló wà níbẹ̀. Nínú draft tí wọ́n fi ń yan ọmọ tuntun lọ́dọọdún, wọn kì í yàn ju ẹni 60 lọ, àwọn tó ti Yúróòpù, Áfíríkà àti Ọsirélíà wá sì wà nínú 60 yẹn. Ní Division I nìkan, ìyẹn ẹ̀ka tó ga jù nínú ìdíje yunifásítì wọn, yunifásítì tó ní ẹgbẹ́ ọkùnrin lé ní 350. Ẹ fi ẹni 15 sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní 5,000. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, fúnra wọn máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ pé nínú ẹni 100 tó tó yàn, bí ẹnì kan ló ń dé ọ̀hún. Hakeem Olajuwon tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1963, tó jáde ní Muslim Teachers College, tó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft 1984, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń wá ọmọ kiri fún ẹgbẹ́ NBA kì í sì í dúró di ọdún kẹrin kí wọ́n tó pe kóòṣì. Kí ọmọ yín jókòó ti kóòṣì rẹ̀, kó bi í lójúkorojú: ẹgbẹ́ wo ló ti béèrè mi? Tí kò bá sí, bọ́ọ̀lù kò tíì tán nìyẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó tún fi ìdúró lásán pa oṣù tó kù.

Ìwé ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, ẹ má sì gba “mo ń ṣe dáadáa” lẹ́nu rẹ̀. NCAA ní kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Division I ti ṣe ìpín 40 nínú 100 iṣẹ́ dìgírì rẹ̀ nígbà tí ọdún kejì bá parí, 60 nígbà tí ọdún kẹta bá parí, 80 nígbà tí ọdún kẹrin bá parí. Ẹ wo ibi tó parí sí, mà. Ọmọ lè pa gbogbo òfin mọ́, kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dópin, kí dìgírì ṣì ku ìpín 20. Nínú dìgírì tó jẹ́ kírẹ́díìtì 120, 24 ló kù yẹn, sẹ̀mẹ́sítà méjì gbáko ní kírẹ́díìtì 12 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdánrawò ẹgbẹ́ bọ́ sí ọ̀sán, kọ́ọ̀sì kan tó pọn dandan fún dìgírì bọ́ sí ọ̀sán kan náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń kọ́ ọ. Wọ́n á ní kó sún un síwájú, kó mú èyí tó rọrùn ná. Ó sún un lọ́dún kejì, ó sún un lọ́dún kẹta. Tó bá fi máa di ọdún kẹrin, kọ́ọ̀sì yẹn ló máa ti dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́. Tó bá sì ti pààrọ̀ yunifásítì rí, ó ṣeé ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ tuntun má gba gbogbo kírẹ́díìtì tó kó wá. Kó lọ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní degree audit lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ má wo máàkì. Ẹ lọ síbi tí wọ́n to kọ́ọ̀sì tó ṣì kù sí, kẹ́ ẹ ka kírẹ́díìtì rẹ̀ ní oókan-òòkan pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù.

Tó bá kù lóòótọ́, ọ̀nà wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni NCAA ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Division I pé kí wọ́n pèsè owó tí ẹni tó wà lórí sìkọ́láṣíìpù kíkún yóò fi parí dìgírì rẹ̀, títí di ọdún 10 lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù tán. Ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i gbà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní ọ́fíìsì eré ìdárayá kó tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì kò tó, torí kóòṣì lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ tún bi í nípa ọdún tó fara pa yẹn. Òfin tí NCAA ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé sáà mẹ́rin ni ọmọ lè fi díje láàárín ọdún márùn-ún. Tí iṣan náà bá já ní ìlàjì àkọ́kọ́ sáà, tí kò sì tíì kópa ju ìpín 30 nínú 100 àwọn ìdíje sáà náà lọ, ilé ẹ̀kọ́ lè bá a béèrè pé kí wọ́n dá sáà yẹn padà fún un. Ọdún kan sí i tí sìkọ́láṣíìpù ṣì ń sanwó rẹ̀, ó lè fi parí dìgírì, ó lè fi bẹ̀rẹ̀ másítà, orúnkún náà á sì rí ìsinmi sí i. Èmi á ní kó lé èyí kó tó lé ájẹ́ǹtì kankan.

Ọ̀rọ̀ orúnkún gan-an ń kọ́? Iṣan tó sábà máa ń já lára àwọn tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, tó sì máa ń la iṣẹ́ abẹ lọ, ni èyí tí dókítà ń pè ní ACL. Tó bá jẹ́ òun ni, iṣan mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láti iwájú orúnkún tàbí ẹ̀yìn itan ọmọ náà fúnra rẹ̀. Iṣan tuntun yìí kì í tètè mọlé. Oṣù mẹ́sàn-án ló kéré jù kó tó padà sínú ìdíje, torí ẹni tó bá kánjú ṣáájú ìgbà yẹn máa ń tún un já ju ẹni tó ní sùúrù lọ. Oṣù nìkan kò sì tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn agbára itan méjèèjì, kí èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tó ìpín 90 nínú 100 ti èkejì. Ìdánwò kan wà tí kò gba ẹ̀rọ rárá: kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó fò síwájú, kó fi ẹsẹ̀ kan náà balẹ̀ láì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí wọ́n fi téèpù wọn ibi tó dé. Tí ẹsẹ̀ tó le bá fò dé sẹ̀ǹtímítà 200, èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ dé 180. Ẹ ní kó sọ nọ́ńbà méjèèjì fún yín.

Owó ìtọ́jú rẹ̀ náà ní gbèdéke. Láti oṣù Kẹjọ 2024 kan náà, ilé ẹ̀kọ́ Division I gbọ́dọ̀ bójú tó owó ìtọ́jú ìpalára tó bá ọmọ lẹ́nu eré fún ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tó bá ti kúrò. NCAA sì tún ní ètò adójútòfò (insurance) tiwọn tó bo gbogbo ẹ̀ka wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọdún méjì náà, tó lè san tó 90,000 dọ́là lórí ìpalára kan lẹ́yìn tí adójútòfò mìíràn bá ti san tirẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń pàdánù rẹ̀ ni ọjọ́ àyẹ̀wò àsọkẹ́yìn. Ara wọn ti wà lọ́nà ilé, wọ́n á bi wọ́n pé ṣé nǹkan kan ń dùn wọ́n, wọ́n á ní rárá, wọ́n á fọwọ́ sí i. Tí orúnkún bá tún wú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ló máa ta kò wọ́n. Kí ọmọ yín sọ gbogbo ohun tó ń dùn ún lọ́jọ́ náà, títí kan ọrùn ẹsẹ̀ tó bá ti fi rọ́ ní ọdún kìíní, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tún gba àwòrán MRI sórí dísìkì, ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ náà, àti àkọsílẹ̀ físíò. Lọ́jọ́ tó bá gbé orúnkún yẹn dé Igbóbì, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni pé iṣan ibo ni wọ́n lò, irú ìdè wo ni wọ́n sì fi dè é sínú eegun.

Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ni mo gbà pé ó ń lò. Lẹ́yìn dìgírì, ó lè béèrè fún oṣù 12 láti fi ṣiṣẹ́ tó bá ohun tó kọ́ mu. OPT ni wọ́n ń pè é. Tí dìgírì rẹ̀ bá wà lára ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba wọn tò sílẹ̀, oṣù 24 tún lè gun orí rẹ̀. Ọjọ́ 90 ṣáájú kí ẹ̀kọ́ tó parí ni ilẹ̀kùn ìbéèrè náà ń ṣí, ọjọ́ 60 lẹ́yìn tó parí ló ń tì. Ọjọ́ tí a ń kà láti ibẹ̀ ni ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ tó wà lórí I-20 rẹ̀, ìwé tí yunifásítì fún un fún físà. Ọjọ́ tí ẹ ó wọ aṣọ ẹbí fún ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún OPT, ọjọ́ 30 péré ló ní láti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kí káàdì àṣẹ iṣẹ́ tó dé, bí ọjọ́ OPT bá sì ti bẹ̀rẹ̀ tí ọjọ́ tó fi jókòó láìsí iṣẹ́ lápapọ̀ wá ju 90 lọ, ó ti rú òfin. Kó tún tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá ṣọdún l'Ékòó, kó lọ bi òṣìṣẹ́ náà bóyá físà rẹ̀ ṣì lè mú un padà wọlé.

Ẹ ó ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba owó ìpolówó láti ìgbà tí NCAA ti fàyè gbà á ní oṣù Keje 2021. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn. Òfin F-1 kò fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òkèèrè bó ṣe rí fún wọn, kó má fọwọ́ sí nǹkankan láì bá agbẹjọ́rò físà sọ̀rọ̀. Owó orí náà wà níbẹ̀: apá sìkọ́láṣíìpù tó ń san ilé àti oúnjẹ, wọ́n ń gba owó orí lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ òkèèrè, ó sì yẹ kó ti máa kọ ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí kò bá ṣe é, kó lọ tún un ṣe báyìí.

Yúróòpù kì í ṣe èrò burúkú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti fi bọ́ ilé. Àmọ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó yẹ ájẹ́ǹtì náà wò: FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ń to orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kó mú owó wá fún “ìdánwò” tàbí “ìwé” ṣáájú, jìbìtì ni. Nínú ìwé àdéhùn, kó wá gbólóhùn tó sọ pé ẹjọ́ wọn máa lọ sí BAT, ilé ẹjọ́ básíkẹ́ẹ̀tì tí FIBA dá sílẹ̀ ní 2007. Láìsí gbólóhùn yẹn, tí ẹgbẹ́ bá jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, ilé ẹjọ́ ìlú wọn ló ń lọ, ní èdè tí kò gbọ́. Kó wò ó pé owó oṣù náà jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò, pé ilé, adójútòfò ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kan ọmọ yín jù ni àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe tó bá débẹ̀: ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ pé tí kò bá yege, àdéhùn ti tú. Kó fi ìwé orúnkún ránṣẹ́ kó tó kúrò nílé, kí dókítà wọn fọwọ́ sí i ṣáájú.

Sáà wọn kì í kún ọdún. Owó oṣù mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ oṣù 12. Mà, ẹ dákun, ibí yìí ni mo ti ń bẹ ẹbí: ẹ má fi owó sáà àkọ́kọ́ gbé ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò to gbèsè wọn síwájú rẹ̀. Olajuwon tó gba owó tó pọ̀ gan-an, ilé àti ilẹ̀ ní Houston ló fi owó rẹ̀ rà, owó ọwọ́ ló sì fi ń rà á láì yá kọ́bọ̀ ní báǹkì, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba èlé.

Ní ti bàbá rẹ̀ tó ní kó máa bọ̀, ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ọjọ́ orí tí èèyàn fi gba dìgírì ni òfin NYSC ń wò. Ọmọ yín tó máa gba tirẹ̀ ní 22 tàbí 23, tó bá gbá bọ́ọ̀lù ní òkèèrè títí di 32, agùnbánirọ̀ ló ṣì máa jẹ́ nígbà tó bá dé. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọdún 30 ti yọ àwọn, báǹkì tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ló máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Fún ìforúkọsílẹ̀ ẹni tó kàwé lókèèrè, kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí, àkọsílẹ̀ máàkì, èsì WAEC àti pásípọ́ọ̀tù tó ní òǹtẹ̀ ìjáde àti ìwọlé. Tí pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ bá kún, kó má sọ ọ́ nù.

Iṣẹ́ ń kọ́? Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é rí. Obinna Ekezie gbá bọ́ọ̀lù fún Maryland, ó dé NBA, ó padà wá dá Wakanow tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀. Mobolaji Akiode gbá a ní Fordham, ó kọ́ ìṣirò owó, ó ṣojú Nàìjíríà ní Olympics 2004, ó ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù àti ìwé sílẹ̀. Masai Ujiri tó dàgbà ní Zaria gbá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní North Dakota, ó gbá a ní Yúróòpù, kò sì lókìkí níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwá ọmọ fún ẹgbẹ́ NBA kan, ní 2019 ẹgbẹ́ Toronto tó ń darí nígbà náà gba ife. Kò sí èyí tó jẹ́ pé jíju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ló ń bọ́ ọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó bọ́ọ̀lù mú wọn mọ̀ àti ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbé wọn.

L'Ékòó níbí, iṣẹ́ tó yí básíkẹ́ẹ̀tì ká ti ń pọ̀ sí i. NBA ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní 2022, ìdíje BAL ti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìkòyí àti Lẹ́kí sì ń wá kóòṣì. Kó má rò pé gbígbá tí òun gbá a l'Amẹ́ríkà ti tó. Kó gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì tàbí ti rẹfirí, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò ìdíje àti bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò rẹ̀, torí yunifásítì rẹ̀ ní àwọn ẹ̀rọ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Tó bá jẹ́ kinesiology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń gbéra, ló ń kà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní físíò tó bá dé: iṣẹ́ físíò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Nàìjíríà, dìgírì yẹn nìkan kò sì lè gbà á fún un.

Ara rẹ̀ náà máa yí padà. Ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́ ń jẹ oúnjẹ ẹni méjì, ikùn kò sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti parí. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò kan pọ̀, bíi kílò mẹ́rin ni orúnkún ń rù nígbà tó bá ń rìn. Ẹ má dín ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà rẹ̀ kù. Òkèlè àti mínírà ni kẹ́ ẹ dín sí ìlàjì. Kó má ṣíwọ́ lójijì: ìṣẹ́jú 150 ìrìn kíákíá tàbí wíwẹ̀ lódò lọ́sẹ̀, kó sì gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún itan. Tí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n lo okùn apá tó tóbi. Okùn kékeré lápá ẹni tó sanra bẹ́ẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ fún un ní oògùn tí kò nílò.

Fún ọdún mẹ́rin, ẹlòmíràn ló ń sọ ìgbà tí yóò jí, ìgbà tí yóò jẹun àti ìgbà tí yóò wọ ọkọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí sáà bá parí, fóònù rẹ̀ á dákẹ́. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn ló ń nira jù. Tí kò bá sùn, tí kò jẹun, tí kò gbé ìpè, kí ó lọ rí olùgbaninímọ̀ràn yunifásítì nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má máa fi “ẹgbẹ́ wo lo wà báyìí?” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ l'Ékòó, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni ní Texas, wákàtí tó máa ń wà nídìí ìdánrawò tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa pè é, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló jẹ.